Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Ọmọ Tí A Bí sí Òkè Ọya?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ti tọ́ ìran Yorùbá sọ́nà láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òwe yìí gbà pé ilé kan ṣoṣo ni ó wà láti wò: pé ilé tí bàbá ń gbé, ilé tí a bí ọmọ sí, àti ilé tí a óò wò kí a tó fún un lórúkọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lóde òní, nígbà tí bàbá ń gbé Kaduna, tí ilé àwọn baba rẹ̀ wà ní Ọ̀fà, tí ọmọ kò sì lè dá ọ̀nà Ọ̀fà mọ̀ bí kò bá béèrè, ilé wo ni kí a wò?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọlọ́gbọ́n nìkan. Akọ̀wé tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì ni ó sábà máa ń gbé e ka iwájú ẹni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní páàsípọ́ọ̀tù, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yóò mú fọ́tò lọ́wọ́, yóò mú ìwé ọjọ́ ìbí, yóò wá onídùúró, yóò sì mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀ láti fi hàn pé ọmọ ibẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù nọ́ńbà ìdánimọ̀ pàápàá, tí àjọ NIMC tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2007 ń lò, kò dúró lórí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ó ń béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni a ń pè ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Òun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ìjọba, àti ẹni tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun.

Nasarawa tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Àdúgbò kan ni nínú ìlú Kaduna, ní apá gúúsù odò, nítòsí Kakuri àti Makera tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Chikun ni ó wà, Kujama sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kí òyìnbó tó dé, ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Gwárí. Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé. Ọdún 1901 ni ó ti Èkó dé Ìbàdàn, ọdún 1909 ni ó dé Jẹ́bà. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1917, Kaduna ti di olú-ìlú gbogbo Òkè Ọya. Àwọn Yorùbá bá ojú irin lọ. Àwọn kan ṣe akọ̀wé, àwọn kan ṣe kápẹ́ńtà, àwọn kan ń tajà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tún gbọ́, wọ́n sì tún wá. Nasarawa wà lára ibi tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń háyà yàrá, tí ọmọ Haúsá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti àwọn ènìyàn gúúsù Kaduna fi jọ ń to korobá sídìí ẹ̀rọ omi kan náà.

Ká mú ọmọkùnrin kan tí a bí síbẹ̀ ní 1980. Bàbá ńlá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà ní 1950. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ títí tí ibẹ̀ fi kógbá sílé ní 2002. Èdè Haúsá ni ọmọ náà fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Yorùbá tí ó gbọ́, Yorùbá inú yàrá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó tíì dé Ọ̀fà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbà ìsìnkú bàbá ńlá rẹ̀. Ní Nasarawa, Bayarabe ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni Yorùbá. Nígbà tí ó dé Ọ̀fà, àwọn ọmọdé ilé ń pè é ní Gàm̀bàrí nítorí bí ó ṣe ń fọhùn. Kò bínú sí èkíní, kò bínú sí èkejì. Ìgbà tí ó fẹ́ gba páàsípọ́ọ̀tù, kí ó lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, ni ọ̀rọ̀ di ìṣòro.

Ní Nasarawa, àwọn tí ó mọ ọmọ yìí kò lóǹkà. Agbẹ̀bí tí ó gbà á wà níbẹ̀, olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà wà níbẹ̀. Mai unguwa, tí í ṣe olórí àdúgbò, jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ó sì ti bá bàbá rẹ̀ parí ìjà pẹ̀lú onílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ náà lóru, ilé mai unguwa ni ìyá rẹ̀ yóò sáré gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ẹnu bàbá náà kò ká a. Ó lè sọ pé ọmọ náà ń gbé àdúgbò òun; kò lè sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni. Ọ̀fà ni ẹni tí ó lè sọ ọ́ wà, onítọ̀hún kò sì mọ ọmọ náà.

Ó wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ó gba Jẹ́bà àti Ìlọrin, ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dé. Ní ọjọ́ kejì ó bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni mo wá gbà."

"Ọmọ ilé wo ni yín?"

Ó dárúkọ agboolé wọn.

"Ta ni ó mọ̀ yín níbẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ta ni ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Wọ́n ní kí ó lọ mú ìwé wá láti ọwọ́ olórí ẹbí. Ó wá ilé náà kàn, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá náà ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ ta ni?" Nígbà tí ó ti ṣe àlàyé tán, bàbá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Iwájú orí bàbá ńlá rẹ rèé. Mú ìwé náà wá." Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbà á, ó lu òǹtẹ̀. Ó di ọmọ Ọ̀fà.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, ohun ìyàlẹ́nu kan wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. "Ó ṣojú mi" ni gbólóhùn tí ń fìdí ẹjọ́ múlẹ̀ níwájú àgbà. "Wọ́n sọ fún mi" kò wúwo. Nínú ìrìn àjò ọmọkùnrin yìí, akọ̀wé jẹ́rìí lórí ohun tí bàbá sọ, bàbá sì jẹ́rìí lórí iwájú orí. Mai unguwa tí ó ṣojú rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ títí dòní ni ẹ̀rí rẹ̀ kò wúlò. Ǹjẹ́ bàbá Ọ̀fà parọ́ bí? Kò parọ́ rárá. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ, pé ẹ̀jẹ̀ kan ni òun àti ọmọ náà. "Ọmọ wa ni" ni ó sọ. Ìwé ni ó yí i sí "ọmọ ibí ni", bí ẹni pé gbólóhùn méjèèjì kò yàtọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà wà.

Nígbà kan rí, wọn kò yàtọ̀ lóòótọ́. Ilà ojú ni páàsípọ́ọ̀tù àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá rí àbàjà, gọ̀mbọ́ tàbí pélé lójú ènìyàn yóò ti fura sí ibi tí ó ti wá. Bí a bá sì ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, iyèméjì tán. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí igbe ọmọ ọwọ́ lábẹ́ abẹ olóòlà kò dùn létí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìran tí ènìyàn ti ṣẹ̀ ni ilà àti oríkì ń sọ. Wọn kò sọ pé kí wọ́n má gba onítọ̀hún síṣẹ́ níbi tí ó ń gbé.

Ti Ọ̀fà yìí tilẹ̀ tún ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Nígbà tí bàbá ńlá ọmọ náà dé Kaduna ní 1950, kì í ṣe àjèjì lójú ìjọba. Ọ̀fà wà lábẹ́ Ìlọrin, Ìlọrin wà nínú Ẹkùn Àríwá, Kaduna sì ni olú-ìlú ẹkùn náà. Ẹni tí ó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan, òun ni àjèjì, nítorí Ìwọ̀-oòrùn ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Nígbà tí ìjọba Àríwá sì gbé ìlànà kalẹ̀ láti fi àwọn ọmọ Àríwá ṣíwájú nínú iṣẹ́ ọba, ọmọ Ọ̀fà wà lára àwọn tí ìlànà náà gbè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ọ̀fà bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara. Kaduna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí tí ó gba orúkọ Kaduna ní 1976. Bàbá náà kò dìde lórí àga rẹ̀. Orí àga kan náà tí ó jókòó sí bí ọmọ onílé ni ó ti di àlejò.

Ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn odi gan-an ńkọ́? Àwọn ọmọ Ẹjìgbò pọ̀ ní Àbíjàn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, wọ́n ní láti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Èyí yé ni, nítorí orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ká wá wo Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Títí di òpin ọdún 1982, ọmọ Yorùbá tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ibẹ̀ ni lójú òfin. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ni ó ní ó di ìgbà tí òbí bá ní irú ìwé báyìí-báyìí. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀fà méjì tí a bí ní 1980, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èkejì ní Nasarawa, kò bára dọ́gba. Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè fi ibi tí a bí i sí gba ìwé ìrìnnà ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ti Nasarawa, tí kò kúrò nínú orílẹ̀-èdè bàbá rẹ̀, ni kò lè fi ibi tí a bí i sí gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì ràn án lọ́wọ́ tó bí ó ti yẹ. Ìwé òfin ọdún 1999, ní ẹsẹ 15, ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbikíbi. Ẹsẹ 42 kò gbà kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 147 ní kí a yan mínísítà láti inú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ 318 wá ṣàlàyé pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ara àwọn tí í ṣe ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ni ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Kí ni ó ń sọ ènìyàn di ìbílẹ̀? Ọdún mélòó? Ìran mélòó? Òfin dákẹ́ níbẹ̀.

Kò yẹ, síbẹ̀síbẹ̀, kí a gbé ẹjọ́ yìí dá lápá kan. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ tí a kọ́ Kaduna lé, wọn kò pọ̀ tó Haúsá, wọn kò pọ̀ tó Yorùbá. Nígbà tí ìjọba mú ilẹ̀ Àbújá fún olú-ìlú tuntun ní 1976, ilẹ̀ wọn náà wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo ẹni tí ó bá wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ bá di ọmọ ìbílẹ̀ Chikun ní ọjọ́ tí ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, níbo ni ọmọ Gbagyi yóò dúró sí lórí ìlà àwọn tí ń wá iṣẹ́? Ìwé tí ó ń ta ọmọ Ọ̀fà dànù ni àjà kan ṣoṣo tí ó bò ó lórí. Ẹni tí kò bá ro èyí mọ́ ọn, ẹkún ara rẹ̀ nìkan ni ó ń sun.

Ilé bàbá náà sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé òyìnbó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ìlú bàbá wọn ni wọ́n padà sí. (Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.) Ní Kaduna fúnra rẹ̀, nígbà rògbòdìyàn ọdún 2000, ilé jó, ẹni tí ilé rẹ̀ sì jó, ìwé rẹ̀ bá a jó. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, "ọmọ wa ni" tí bàbá Ọ̀fà sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibi tí wọn kò lè lé ènìyàn kúrò ṣọ̀wọ́n láyé, kò sì dára kí ẹni tí ó ní i pẹ̀gàn rẹ̀.

Yorùbá kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ìbàdàn tí à ń wò yìí, àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n jọ dó sí i ní nǹkan bí ọdún 1829. Àlejò ni gbogbo wọn. Ní 1916 ni a fún àwọn Haúsá ní Sábó níbẹ̀. Ọmọ Haúsá tí a bí sí Sábó, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá ńlá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Sábó, tí ó ń pa òwe Ìbàdàn bí ọmọ Ojà'ba, bí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, wọn yóò sọ fún un pé kí ó lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Kánò. Ohun tí Bayarabe ń jẹ ní Nasarawa ni Gàm̀bàrí ń jẹ ní Sábó. Bí ó bá jẹ́ ìwà ìkà níhìn-ín, ìwà ìkà ni lọ́hùn-ún.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé ọ̀nà kan wà tí ó yá ju Ọ̀fà lọ. Kí ó fi orúkọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó jẹ́ Musa, kí ó fi nǹkan sọ́wọ́ ẹnìkan, kí wọ́n kọ ọ́ pé ibí ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ọ̀pọ̀ yóò bi ara wọn pé kí ni ó burú níbẹ̀: ṣebí ibí ni a bí i sí, ṣebí ibí ni ó mọ̀? Ìyàtọ̀ wà. Bí ó bá sọ pé "ọmọ Nasarawa ni mí", òótọ́ ni ó sọ, bí ìwé kò tilẹ̀ gbà á. Bí ó bá sọ pé Gbagyi ni bàbá rẹ̀, irọ́ ni, ó sì ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí àyè rẹ̀ kéré. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé irọ́ yìí ni ó rí ìwé gbà, òótọ́ àkọ́kọ́ kò rí i gbà. Ìlànà tí ó bá sọ òótọ́ di aláìníwèé ń kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́, ibi tí wọ́n sì ti ń kọ́ ọ ni ìdí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ilé ìwé.

Ti obìnrin tilẹ̀ tún le. Bí ó bá ti Ìjẹ̀bú wá fẹ́ ọkọ ní Ọ̀fà, tí wọ́n sì ń gbé Nasarawa, ìlú mẹ́ta ni ó ń lé e kiri: ti bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ bá ọkọ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ ní kí ó lọ bá bàbá rẹ̀, ti ibi tí ó ń gbé kò sọ nǹkan kan.

Ní àkókò tí Nasir El-Rufai jẹ́ gómìnà Kaduna, láti 2015 dé 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn olùgbé sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìbáà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni. Níbi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mai unguwa ti lè sọ ohun tí ó ṣojú rẹ̀, kí bàbá Ọ̀fà sì sọ ti ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má jẹ́rìí ohun tí kò mọ̀. Bí a bá lè ya ẹ̀rí méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí nínú gbogbo ìwé ìjọba, tí a fi ti ibùgbé wọn ẹ̀tọ́ sí ilé ìwé àti iṣẹ́ lẹ́yìn iye ọdún tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí a sì tún dáàbò bo àwọn tí wọn kò pọ̀ lórí ilẹ̀ baba wọn, ìjà yóò dín kù. Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Ọmọkùnrin tí a bí ní 1980 náà ti di bàbá. Nasarawa ni a bí ọmọbìnrin rẹ̀ sí. Nígbà tí ó mú un lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó kọ orúkọ ọmọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó kọ ibi tí a bí i sí. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ náà, tí kò dé Ọ̀fà rí, bi í pé kí ni ó ń rò. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì kọ Ọ̀fà.